Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Àwọn Méjèèjì? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Lórí Ìtàn Àràmàǹdà Kan Láti Peckham

Ọmọ ọdún 19 ni òǹkọ̀wé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nígbà tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn tí a ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ ka ohun tí wọ́n bá kọ ní ọ̀sán Sátidé. Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ̀wé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìwé náà, nítorí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìyẹn kíka ìwé àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó di títẹ̀ àti bíbá wọn tún un ṣe. Ó ní àṣìṣe tí àwa méjèèjì ṣe ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn méjì péré lè dá mọ̀.

Ìtàn àràmàǹdà tí ó ṣẹlẹ̀ lóde òní ni, tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba. Bọ́ọ̀sì, fóònù, ilé ẹ̀kọ́ àti ọlọ́pàá ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọba àti idà. Àwọn ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún 16 àwọn méjèèjì, ń gbé nínú fúláàtì kan nítòsí Rye Lane. Bàbá kan náà ni ó bí wọn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ọ̀kan sí. Ìbàdàn ni ìyá èkejì wà, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà gbé títí ó fi pé ọdún 12 kí bàbá tó mú un wá. Ọmọ Ìbàdàn yìí ni ìka ọwọ́ rẹ̀ ní agbára: irun tí ó bá dì fún ènìyàn a máa yí nǹkan padà. Ó lè di orí ènìyàn kí ojú má rí i mọ́ ní ìgboro. Ó lè dì í kí ẹni náà máa ṣe ìfẹ́ inú ẹni tí ó di irun fún un. Bí ó bá sì fi ìbínú dì í, jàǹbá a máa dé bá ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjú ìjà sí ẹni tí ó di irun náà fún. Ilé ẹ̀kọ́ mọ̀, ọlọ́pàá mọ̀. Nítorí náà òfin kan wà nínú ìtàn náà tí ó ní kí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kankan má ṣe di irun wá sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gba ọlọ́pàá láàyè láti dá wọn dúró ní títì kí ó tú irun wọn wò.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà yóò rí ibi tí èrò yìí ti wá. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rú òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀yà nígbà tí ó kọ̀ kí ọmọdékùnrin kan wọlé nítorí irun dídì tí ó wà lórí rẹ̀. Àlàyé tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe ni pé òun kò fẹ́ kí àṣà àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú wọ inú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún 11 gbáko, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ tí ń rí sí ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Britain ṣì ń kọ ìtọ́sọ́nà jáde láti rán àwọn ilé ẹ̀kọ́ létí ohun kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 yẹn ni ìròyìn ìwádìí jáde lórí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ ọdún 15, tí àwọn ọlọ́pàá bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Hackney ní ìparí ọdún 2020, láìsí àgbàlagbà kankan tí ó dúró tì í. Àwọn tí ó kọ ìròyìn náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lára ohun tí ó fà á. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn yẹn jáde ni òǹkọ̀wé wa jókòó tí ó kọ orí kìíní.

Ọ̀pọ̀ aṣojú òǹkọ̀wé, ìyẹn àwọn tí ń bá òǹkọ̀wé wá ilé ìtẹ̀wé, ni ó ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ọwọ́ rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ìwàásù pọ̀ jù. Èmi náà kà á, mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí àwọn ọmọ náà bá wọ bọ́ọ̀sì, ojú ìwé méjì yóò lọ lórí abala kan nínú òfin ọdún 1824 tí àwọn ọlọ́pàá fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú nítorí ìfura lásán, tí wọn kò fagi lé títí di ọdún 1981. Bí wọ́n bá ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, ìtàn ìjà àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti ọlọ́pàá ní Brixton yóò tẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tí ó ń ti òǹkọ̀wé sí irú èyí. Nígbà tí CLPE, àjọ tí ń rí sí ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ ka àwọn ìwé ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ ní Britain, ti ọdún 2017 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: nínú ìwé 9,115, ìwé 391 péré ni ẹ̀dá ìtàn tí kì í ṣe òyìnbó wà nínú rẹ̀, àwọn tí irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ olórí ìtàn kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ tí ó dàgbà sí àárín irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí òun bá rí ààyè kan ṣoṣo, gbogbo ẹjọ́ ìran òun ni kí òun rò níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ gbìyànjú ni gígé. Oṣù méjì ni a fi gé e. Gbogbo àlàyé ìtàn, gbogbo ọdún, gbogbo orúkọ òfin ni a yọ. Ìwé náà yára, ó sì kú. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìbínú òǹkọ̀wé ni ó gbé ìwé náà ró, inú àwọn ìwàásù yẹn ni ìbínú náà sì wà. Nígbà tí a yọ wọ́n, a kò rí ibòmíràn tí a lè gbé e sí. Ọlọ́pàá tí ó kù di ẹni tí ń kọjá lọ lẹ́yìn ìtàn bí òjò. Àṣìṣe mi ni èyí, n kò gbé e fún ọmọ náà. Mo tẹ̀ lé ohun tí àwọn aṣojú wí láì bi ara mi léèrè ìdí tí àlàyé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ń ṣàlàyé léraléra sábà máa ń ṣàlàyé ohun tí ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jiyàn sí, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn n kò tíì mọ̀.

Ohun tí ó là wá lójú wá láti ẹnu ọmọ ọdún 15. A kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ jọ, láti ọmọ ọdún 14 sí 17, a sì fún wọn ní orí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀dà tí ìwàásù ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín síbi tí ó yẹ, wọ́n pariwo nígbà tí ọlọ́pàá fa irun ọmọ náà tú. Ìgbà tí a fẹ́ dìde ni ọ̀kan nínú wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní: “Àǹtí, mo fẹ́ béèrè nǹkan o. Irun tó ń dì yẹn, ó lè pa èèyàn lóòótọ́, àbí? Ó sì ti ṣe olùkọ́ yẹn léṣe. Ṣé kì í ṣe pé ilé ẹ̀kọ́ jàre báyìí?”

Yàrá náà dákẹ́. Òǹkọ̀wé wo mi, èmi náà wò ó.

Ìbéèrè yẹn wọ egungun ìwé náà. Nínú ayé tí a ń gbé, kò sí ewu kankan nínú irun dídì. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ọmọ nítorí ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ìdí kan ju ẹ̀rù tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́pàá tí ń lo abala 60 nínú òfin ọdún 1994, èyí tí ó jẹ́ kí ó lè yẹ ènìyàn wò ní àdúgbò kan láì ní ìfura tí ó ní ìpìlẹ̀ sí ẹni náà gan-an. Ìwà ìrẹ́jẹ náà ni pé ìdí kò sí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a gbé síwájú àwọn ọmọ yìí, òǹkọ̀wé ti bá àwọn aninilára wá ìdí: ó ti fi agbára tí ń pani sí ọwọ́ ọmọ náà, ó sì ti fi han òǹkàwé pé ẹ̀rù wọn tọ̀nà. Ojú ìwé méjì-méjì tí ó fi ń ṣàlàyé òfin ọdún 1824 ni ó fi ń jà láti borí ohun tí àràmàǹdà tirẹ̀ ti sọ. Bí ẹ bá wo irú ìtàn yìí káàkiri, ẹ ó rí i pé ọ̀fìn yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣubú sí. Òǹkọ̀wé fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ní agbára ńlá, nítorí pé inú òǹkàwé máa ń dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé agbára yẹn ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà náà ni àwọ̀ ara yóò sá lọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí a ní àwọ̀ ara ni ó dá lé.

Òǹkọ̀wé lọ sílé, ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àtúnṣe tirẹ̀. Ó ti fi ẹ̀mí èṣù kan sínú ìtàn náà tí ń gbé inú ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó sì ń tì wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ìjà ìkẹyìn rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a lé ẹ̀mí náà jáde, gbogbo ènìyàn di aláìlẹ́ṣẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ń sunkún lọ́rùn ọmọ tí ó ti lé jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á sókè, tí ó dúró lójijì, tí ó sì ní: “Àǹtí, mo ti bá wọn fọ ọwọ́ wọn mọ́.”

Ìgbà yìí ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí.

Mo ti mọ̀ pé ìyá kò fẹ́ ìwé náà. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, òòyà kan wà tí ọmọ Ìbàdàn náà jogún lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀, òòyà Ọ̀ṣun sì ni wọ́n pè é. Kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé kàn hùmọ̀: Ọ̀ṣun ni olóòyà iyùn nínú oríkì, ìtàn Ifá sì mọ̀ ọ́n mọ irun dídì. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni ìyá, ó ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Old Kent Road. Ẹni tí kò bá mọ agbègbè yẹn lè má mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó: ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní ọdún 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, ìyẹn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà. Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìwàásù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀.

Ó bu ìrẹsì àti dòdò fún mi, ó ní kí n jẹun ná. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé: “Àǹtí, ẹ má bínú. Kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ẹ̀yin náà wà ní ìlú yìí nígbà tí wọ́n rí ọmọ yẹn nínú odò.” Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin kan nínú odò Thames, tí wọ́n ti gé orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ Ọ̀ṣun fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ìwé ìròyìn, nítorí àwọ̀ ṣòkòtò yẹn. Títí di òní, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ojú burúkú wo Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. “Mi ò tíì bí ọmọ mi nígbà yẹn,” ni ìyá wí. “Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò wá nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó tún wá fi òòyà Ọ̀ṣun pa olùkọ́ òyìnbó nínú ìwé!”

Mo sọ òtítọ́ fún un pé n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá tí kò ka ìwé àràmàǹdà rí ti dé ibi tí ọmọ ọdún 15 yẹn dé, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn ni: ìtàn yìí ń fi ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rù wa lé wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti àwọn ọdún 1950, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí wọn, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Britain, gbé fún ìdílé òyìnbó tọ́ ní àwọn ìlú bí i ti Kent àti Sussex. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti máa ń polówó pé àwọn ń wá olùtọ́jú. Ìyá wà lára wọn. Kent ni ó gbé láti ọmọ oṣù mẹ́ta títí ó fi pé ọdún mẹ́jọ. Ó ní obìnrin tí ó tọ́ òun kò ṣìkà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí a ń ṣe sí irun ọmọ wa, nítorí náà ó ń fá a ni, ní oṣooṣù, bí orí ọmọkùnrin. Ní ọdún 1980 ni wọ́n gbé e padà sí Èkó, kò gbọ́ Yorùbá kankan, ó sì bá ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí òun kò mọ̀ rí, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Kí ni wọ́n máa bá ara wọn sọ? Nígbà tí irun náà hù tó ohun tí ọwọ́ lè mú, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí, ó fà á sí àárín orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yà á. Ìyá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni, fún ọdún méjì. Láti orí rẹ̀ ni ó ti kọ́ Yorùbá: dúró, tẹ orí sílẹ̀, má sunkún, ó kù díẹ̀, kòlẹ́sẹ̀ ni èyí, pàtẹ́wọ́ ni ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. “Ìgbà tí ó dì í tán tí mo wo dígí,” ó ní, “ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ojú mi jọ ti ìyá mi.”

Òǹkọ̀wé kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo béèrè ohun kan tí mo rò pé kékeré ni. Mo ní: “Nínú ìwé rẹ, ta ni ẹ̀gbọ́n?”

Kò mọ̀. Ọdún méjì ni ó ti fi ń kọ ìwé náà, kò sì tíì pinnu èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń lò fún wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ì bá ti béèrè ní gbólóhùn kìíní. A kò lè pe ènìyàn méjì ní ọmọ bàbá kan ṣoṣo kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ní láti mọ̀ bóyá ọbàkan ni wọ́n tàbí ọmọ ìyá, ẹni tí ó ń fi “ẹ” kí ẹlòmíràn, ẹni tí wọn yóò bá wí bí èkejì bá ṣubú. Àwọn ọmọ méjì inú ìwé náà ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọ̀kan jẹ èkejì ní gbèsè. Ìdí nìyẹn tí ìfẹ́ wọn kò fi wọni lára, bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbogbo orí pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Ó pinnu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n, ó fi oṣù márùn-ún jù. Ẹ wo wàhálà tí ó bẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀! Ẹni tí ó mọ irun dì ni àbúrò, ẹni tí ó yẹ kí ó máa jókòó lórí àpótí kò mọ̀ ọ́n dì. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni àbúrò, ẹni tí ó mọ ìlú ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ń pe é ní Àǹtí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́ ọ ní Ìbàdàn, ìtìjú sì ń mú ẹ̀gbọ́n níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sì tún kan ọ̀rọ̀ ìwà ìrẹ́jẹ ní tààrà. Ìròyìn Hackney tí mo mẹ́nu bà ṣàlàyé bí àwọn aláṣẹ ṣe ń wo ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú bí ẹni tí ó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, tí wọn kì í fi í sí ipò ọmọdé tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Nínú ilé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yàtọ̀. Lójú ọlọ́pàá, àgbà méjì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mọ èyí, àbúrò kò mọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì gba ibi tí gbogbo ìwàásù ti wà tẹ́lẹ̀.

Agbára náà yí padà pátápátá. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jiyàn lórí òfin rẹ̀, ohun tí a sì fi kalẹ̀ rọrùn. Irun tí àbúrò dì kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Orí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún: ẹni tí wọ́n di irun fún a máa rántí ohun tí wọ́n ti mú un gbàgbé, ohùn ìyá ìyá rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọ̀nà ilé. Bí wọ́n bá tú u, ìrántí náà a lọ. Ẹni tí ó ń di irun kò lè dì í fún ara rẹ̀, nítorí náà àbúrò tí ń rántí fún gbogbo àdúgbò kò ní ẹni tí yóò jẹ́ kí òun rántí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, àfi bí ẹ̀gbọ́n bá kọ́ ọ. Orí ìwé tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ọ, tí ó ń fa irun ya, tí àbúrò ń ké tí ó sì ń rẹ́rìn-ín, ni ó dára jù nínú ìwé náà. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kò yí padà. Wọ́n ṣì ń tú irun àwọn ọmọ náà nítorí ẹ̀rù, ṣùgbọ́n òǹkàwé ti mọ̀ báyìí pé kò sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń jí gbé láì mọ̀ pé àwọn ń jí i. Ẹ̀gbọ́n, tí kò ní agbára kankan, ni ọlọ́pàá mú. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì: ọmọ tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni wọ́n gbé lọ. Òòyà náà wà níbẹ̀ síbẹ̀; ìyá ni ó ní kí ọmọ má yọ ọ́ mọ́ nígbà tí ó kà á.

Ohun kan kù tí a kò fẹnu kò lé lórí bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1981, iná jó ilé kan ní 439 New Cross Road níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú 13 sì kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, nǹkan bí 20,000 ènìyàn wọ́de láti New Cross lọ sí Hyde Park, nítorí ìjọba kò sọ nǹkan kan. Ìwádìí ikú wáyé ní ọdún 1981, ó tún wáyé ní ọdún 2004, ìgbà méjèèjì ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìsí ìdájọ́ lórí ohun tí ó fà á. Òǹkọ̀wé fẹ́ kí àbúrò di ìlà 13 sórí obìnrin àgbàlagbà kan tí ó yè níbẹ̀, kí obìnrin náà rántí ojú ẹni tí ó dáná sun ilé. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn, ó gbámúṣé. Mo kọ̀ ọ́. Àwọn òbí kan ti fi ogójì ọdún dúró de ìdáhùn yẹn, ìdáhùn náà kò sì tíì wá. A kò lè fi òòyà hùmọ̀ ọ̀kan kí a tà á fún ọmọ ọdún 14 bí òtítọ́. Ó bínú sí mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó kọ ọ́ báyìí: wọ́n di ìlà 13, obìnrin náà sì rántí orin tí wọ́n ń jó sí ní alẹ́ yẹn, kò rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ó sàn ju tèmi lọ, nítorí èmi ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀ ni.

A tún kó àwọn ọmọbìnrin yẹn jọ. Méje ni ó wá. Ẹni tí ó béèrè ìbéèrè nígbà náà kà á tán, ó ní inú ń bí òun, a ní kí ni ó bí i nínú, ó ní: “Torí kò ṣe nǹkan kan.” Òǹkọ̀wé lọ sí ẹ̀yìn, ó nu ojú rẹ̀. Ní ti àwọn aṣojú, ọ̀kan ti ní kí ó fi odindi ìwé náà ránṣẹ́. Òmíràn tún ní ìwàásù pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò sí gbólóhùn àlàyé òfin kan tí ó kù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ti yí padà nínú ìṣe tèmi kò pọ̀. Bí wọ́n bá ní ìwàásù pọ̀ nínú ìwé ọ̀dọ́, n kò ní gé kí n tó wádìí ohun tí òfin àràmàǹdà rẹ̀ ń sọ. Mo ń bi òǹkọ̀wé pé bí agbára yìí bá jẹ́ òtítọ́, ṣé aninilára jàre. Mo ń jẹ́ kí àwọn tí ìtàn náà wà fún kà á ṣáájú àwọn tí yóò tà á. Mo ń lọ sí ilé, bí wọ́n bá pè mí, mo sì ń jẹun níbẹ̀. Ìtàn ìyá kì í sì í wọ inú ìwé láì jẹ́ pé ìyá ka ojú ìwé náà. Ìyá yìí yọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ ní Kent, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo sì ti ń kọ ìbéèrè kan náà sí orí ojú ìwé àkọ́kọ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá: ta ni ẹ̀gbọ́n? Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan láti Woolwich dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé ìbéèrè mi kò kan òun, nítorí ìbejì ni àwọn ọmọbìnrin inú ìtàn òun, Táyé ni ó sì kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni àgbà. Mo ní kí ó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó padà dé, ó ti fa ìlà pupa sí orí ìwé mẹ́rin, ó ní òun kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ó rán an níṣẹ́.